Sàréè Tí Wọ́n Gbẹ́ Sábẹ́ Fèrèsé Bàbá Rẹ

Ẹ̀yìn Málù Road,
Ajégúnlẹ̀, Èkó.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá.

Ọládayọ̀ ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó ire, kí ó bá Fọláyọ̀ ìyàwó rẹ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, kí òtútù Kánádà tí ẹ máa ń ráhùn rẹ̀ má sì ráyè wọ̀ yín lára. Bí o bá ń bèèrè nípa tiwa, mo dúpẹ́. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó wú ti fà. Mujeedat ọmọ rẹ ń jẹun, ó ń lọ sílé ìwé, ó sì ń retí ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ yóò jáde kí ó lè wá bá yín. Èmi náà ń mí.

Ṣùgbọ́n mo ń bínú, ìwọ sì ni mo ń bínú sí. Mo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí o má baà máa ka lẹ́tà yìí bí ẹni ń ka ìwé ìkíni ọdún. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ o máa ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ̀rọ̀ débi tí mò ń lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì já níbi tó yẹ kí o gbọ́. Mísísì Adéọlá tó ń kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà sọ pé ẹni tí a bá kọ̀wé sí kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu. Nítorí náà, jókòó, jẹ́ kí n sọ tèmi tán.

Nígbà tí páálí tí ẹ fi ránṣẹ́ dé lóṣù tó kọjá, inú mi dùn. Mo rí bàtà Mujeedat, mo rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ, mo rí súwẹ́tà kan tí n kò mọ ibi tí mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ nínú ooru Ajégúnlẹ̀. Ìsàlẹ̀ páálí náà ni mo ti bá ọ̀rá dúdú kan. Mo tú u, mo sì fi ìdí jókòó. Odidi egungun èèyàn ni, pẹ̀lú agbárí, pẹ̀lú ìhà, pẹ̀lú ọmọ ìka ọwọ́, tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tí ó sì ga tó ọmọ rẹ. Aṣọ dúdú jákujàku kan wà lábẹ́ rẹ̀. Páálí pẹlẹbẹ wà níbẹ̀ tí wọ́n gé bí òkúta orí sàréè, wọ́n sì kọ RIP sára wọn gàdàgbà. Òwú funfun tún wà nínú ọ̀rá kékeré, Mujeedat ní òwú aláǹtakùn ni. Ọládayọ̀, o fi owó tí o fi òógùn ṣe ra òwú aláǹtakùn. Aláǹtakùn ilé yìí ń ta á fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo igun, ìgbálẹ̀ ni mo fi ń gbá a dànù.

Mo fẹ́ dáná sun ún lọ́jọ́ náà. Mujeedat bú sẹ́kún. Ó ní ẹ ti jọ ṣàdéhùn: pé lọ́jọ́ Halowíìn, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó máa ń fi òkú àti iwin ṣeré, ẹ̀yin á ṣe fèrèsé yín lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́hùn-ún, òun náà á ṣe tiwa níhìn-ín, ẹ ó sì fi àwòrán ránṣẹ́ síra yín. Ó ní, "Màmá àgbà, dádì sọ pé tí mo bá ṣe é, ó máa dà bíi pé inú ilé kan náà la wà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n ṣáná sí i. Mo ní kó gbé e sábẹ́ ibùsùn, pé tí ọjọ́ bá kò, a ó wá kọ̀rọ̀ kan fún un lẹ́yìnkùlé. Mo rò pé yóò gbàgbé. Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Àgbà tó wà ní Kánádà kò sọ fún un ibi tí tirẹ̀ yóò wó sí.

Ohun kan wà tí a kò sọ fún ọ lórí fóònù, kí o má baà dààmú. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí. O mọ̀ pé bàbá rẹ wà ní ọsibítù ní Àpápá nítorí ọkàn wọn. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé wọ́n ti kọ oúnjẹ. Ọkùnrin tó fi èjìká gbé ẹrù ọkọ̀ òkun ní wọ́ọ̀fù títí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ dé, ó kọjú sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n nà. Bí mo bá gbé síbí dé ẹnu wọn, wọn á ní, "Rekiat, ó ti tó. Jẹ́ kí n máa lọ." Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní oògùn ń ṣe tirẹ̀, bàbá ni kò ṣe tiwọn. Ó ní kí n wá ohun tí wọn yóò tìtorí rẹ̀ fẹ́ wà láàyè, kí n sì ṣọ́ra gidigidi tí a bá délé, kí ohunkóhun má já wọn láyà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ilé wa, ilé àlàáfíà ni. Ojú ń tì mí láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Halowíìn yẹn gan-an, ni wọ́n ní kí n wá gbé wọn. Mo kúrò nílé lẹ́yìn àdúrà àsùbáà. Mujeedat wà nínú ìsinmi, mo sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ovie, ayálégbé wa tó ń wa tírélà, tó kó dé lẹ́yìn tí ìwọ ti rìnrìn àjò. Èèyàn dáadáa ni Ovie, kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òkè, kò ní bèèrè ibi tí o fẹ́ gbé e lọ. Ọmọ rẹ sọ fún un pé òun fẹ́ ṣe fèrèsé lọ́ṣọ̀ọ́, pé dádì òun ní kí òun ṣe é. Wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní àwòrán kò ní jáde dáadáa níbẹ̀. Wọ́n wá wo gbogbo ilé yíká, wọ́n sì mú fèrèsé tó tóbi jù, tó kọjú sí títì, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé yàrá ta ni. Fèrèsé bàbá rẹ.

Nígbà tí mo bi Ovie léèrè pé kí ló rò, ó ní, "Mama, I think say na school project. I even tie the neck well well make e no fall." Òótọ́ ló sọ, ó so ó dáadáa. Ó gbé egungun náà kọ́ sí àárín, ó fi wáyà gbé ọwọ́ rẹ̀ kan sókè bí ẹni ń kí èèyàn. Aṣọ dúdú wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Wọ́n ki páálí RIP bọ àárín irin fèrèsé. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Má jiyàn, Ọládayọ̀, Ovie fi ìdáhùn rẹ hàn mí lórí fóònù rẹ̀. O ní, "Ó rẹwà gan-an, ọmọ mi." Fèrèsé yàrá bàbá rẹ tó wà ní ọsibítù ni o rí pẹ̀lú RIP lára, o sì ní ó rẹwà. Ṣé ojú rẹ kò dá ilé tí a bí ọ sí mọ̀ mọ́ ni?

Lẹ́yìn náà Ovie lọ gbé ẹrù ní Warehouse Road. Ó mú Mujeedat lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ìta.

Báyìí ni Màmá Zulfah, aránṣọ tó wà ní òdìkejì wa, ṣe wá ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ó mọ̀ pé bàbá ń ṣàìsàn. Ó rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ó rí aṣọ dúdú, ó sì rí RIP tí ọmọdé Ajégúnlẹ̀ ti mọ̀ lára pátákó òkú kó tó mọ A, B, D. Kò rékọjá títì wá kànlẹ̀kùn. Ó ká ọwọ́ lórí, ó figbe ta. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo bi í léèrè lẹ́yìn náà pé, "Màmá Zulfah, egungun tó ń juwọ́ sí yín ńkọ́? Kí lẹ ní ó ń ṣe níbẹ̀?" Ó ní, "Màmá, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kánádà nìyẹn. Mo ní Ọládayọ̀ ló fi ránṣẹ́ láti fi yẹ́ bàbá rẹ̀ sí." Ìwọ lo fi ránṣẹ́ lóòótọ́.

Ó pe àbúrò bàbá rẹ, Àlàájì Oyèníran. O mọ Oyèníran. Ọkọ mi ni mò ń pè é, nítorí pé wọ́n ti bí i kí n tó wọlé fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àmọ́ èmi ni mo pọ̀n ọ́n lọ sílé kéwú. Láti kékeré ni kì í ti í lè dúró kí ẹ̀wà jinná. Ó pe fóònù mi, kò lọ, nítorí pé kò sí iná ní àdúgbò wa láti ọjọ́ mélòó kan, bátìrì mi sì ti kú. Nígbà tí kò lọ, ó ní ẹ̀rí ti pé. Ọsibítù wà ní Àpápá, okadà kan ṣoṣo ni yóò gbé e débẹ̀. Kò lọ. Ó ní ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, kí a sì tètè gbẹ́lẹ̀ dè é. Bàbá rẹ ti sọ níjọ́ tó ti pẹ́ pé iwájú ilé, lábẹ́ fèrèsé àwọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, ni kí wọ́n sin àwọn sí. Oyèníran kì í rántí ohun tí wọ́n rán an ní ọjà, ṣùgbọ́n ó rántí ìyẹn. Ó kó àwọn agbẹ́lẹ̀ wá. Ó pe lèmọ́mù. Ó yá àga.

Ọ̀sán ti yẹ̀ kí wọ́n tó fún wa ní ìwé ní ọsibítù pé kí á máa lọ. Mo háyà mọ́tò kan. Tírélà dí Málù Road pa bí ó ti máa ń ṣe, ni awakọ̀ bá gba inú àdúgbò. Bàbá rẹ gbé orí ti gíláàsì, wọ́n di ojú. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ẹja tí n ó sè tí a bá délé. Bí a ti yà sí àdúgbò wa, mo rí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Mo ní, "Ta ló tún dínà lónìí o?" Àṣé àwa ni.

Mo rí Màmá Zulfah tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rí lèmọ́mù pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo rí orí ọkùnrin kan tó yọ láti inú ilẹ̀ lábẹ́ fèrèsé wa, tó ń da iyẹ̀pẹ̀ síta. Mo gbójú sókè, egungun rẹ juwọ́ sí mi. Ọládayọ̀, gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo na ọwọ́ kí n fi bo ojú bàbá rẹ, kí n sì ní kí awakọ̀ yí padà, àmọ́ wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

Ọkùnrin inú kòtò ló kọ́kọ́ rí wọn. Kò pariwo. Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ń wá ọ̀nà gòkè, iyẹ̀pẹ̀ sì ń fà á padà. Màmá Zulfah sá lọ, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan sì wà lọ́wọ́ mi títí di àkókò yìí. Àwọn obìnrin tó wá bá wa sunkún dà gììrì sí inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Oyèníran nìkan ni kò lè sá, nítorí pé aṣọ òkú funfun wà lábíyá rẹ̀, ìgò lọ́fínńdà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

Bàbá rẹ di ọwọ́ mi mú. Ọ̀rọ̀ dókítà nìkan ló wà lọ́kàn mi, mo ní ó ti parí, pé ẹ̀rù ni yóò pa bàbá rẹ lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wo fèrèsé. Wọ́n wo kòtò. Wọ́n wá wo àbúrò wọn.

"Oyèníran, ta ló kú nílé mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. A gbọ́ pé..."

"O gbọ́ lẹ́nu ta?"

"Fèrèsé yín ni, ẹ̀gbọ́n."

"Fèrèsé mi ló pè ọ́ lórí fóònù?"

Oyèníran fún aṣọ funfun náà mọ́ abíyá. Bàbá rẹ ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti wà ní ọsibítù, o kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. O wá mọ ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ funfun." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù Màmá Zulfah, wọ́n sì bo ẹnu rẹ̀. Bàbá rẹ wá bi í ní ọ̀rọ̀ kan sí i, ohùn wọn sì rẹlẹ̀ sí i: "Ṣé o pe Ọládayọ̀?"

Oyèníran wo ilẹ̀. Ó ní, "A ní ká sin yín tán ná ká tó pè é. Kò kúkú lè bá ìsìnkú náà, ẹ̀gbọ́n. Kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú lásán."

Bàbá rẹ fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí àga kan lára àga tí wọ́n yá fún òkú wọn, wọ́n sì jókòó. Wọ́n wo kòtò náà pẹ́. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo ń fi ìborùn mi fẹ́ wọn, mo ń ṣépè fún ìwọ àti Oyèníran nínú ọkàn mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo ti yí i padà sí àdúrà.

Àwọn agbẹ́lẹ̀ ló dá ariwo sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n dí kòtò kíá, kí wọ́n máa lọ. Olórí wọn ní wọn kò lè dí i lásán. Ó ní ilẹ̀ tí wọ́n bá ti là fún òkú yóò máa dúró de ẹnì kan nínú ilé, àfi kí wọ́n bẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n sin ín dípò. Lèmọ́mù ní irú rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀sìn, pé iyẹ̀pẹ̀ ni kí wọ́n dà sí i. Agbẹ́lẹ̀ ní, "Baba lèmọ́mù, ẹ̀yin ẹ máa lọ sílé yín. Àwa la gbẹ́ ẹ, àwa ló máa wá lálàá." Wọ́n ń jà bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ovie dé pẹ̀lú Mujeedat, tó rí ohun tí òkè tó bá ọmọ gbé dá sílẹ̀. Ó kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń wí pé, "Baba, no vex, no vex."

Ìgbà náà ni bàbá rẹ gbé ọ̀pá wọn sókè, wọ́n nà án sí fèrèsé. "Ta nìyẹn tó ń juwọ́ sí mi láti ìgbà tí mo ti dé?"

Mujeedat ní, "Bàbá àgbà, tèmi ni. Dádì ló fi ránṣẹ́ sí mi."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Dádì rẹ kò lè wá, ó wá fi ẹni tí yóò rọ́pò mi ránṣẹ́. Ovie, dìde nílẹ̀, lọ gbé e sọ̀ kalẹ̀."

Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Wọn kò ṣeré. Ovie gbé egungun náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sínú kòtò, wọ́n kó aṣọ dúdú àti gbogbo RIP lé e lórí. Olórí agbẹ́lẹ̀ ní òun gbà, pé ó sàn ju igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ nítorí pé ó ní orí. Lèmọ́mù kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ní òun kò rí nǹkankan, òun kò sì ní í kírun sí rọ́bà lára. Mujeedat ń sunkún. Bàbá rẹ fà á mọ́ra, wọ́n ní, "Má sunkún, ìyá mi. Yálà òun tàbí èmi. Èwo lo fẹ́ kí wọ́n sin?" Ọmọ náà ronú sí i kó tó dáhùn. Mo ní kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí o bí ronú sí i. Ó wá ní, "Òun."

Ni bàbá rẹ bá bú sẹ́rìn-ín. Ọládayọ̀, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín náà gbọ̀n wọ́n débi pé mo di àyà wọn mú. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti iyẹ̀pẹ̀ sínú kòtò, wọ́n ní kí àwọn tó kù dí i. Wọ́n wá bèèrè pé ìsìnkú wo ni wọn kì í ti í jẹun. Àwọn obìnrin ti gbé ìrẹsì kaná láti fi gba àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ lálejò. Bàbá rẹ jẹ ìrẹsì òkú wọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Mo bínú títí mo fi sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sinmi. Àwọn èèyàn ń wá láti ibi tí n kò mọ̀, wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan ọkùnrin tó bá wọn jókòó níbi sàréè ara rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí a bá fẹnu pa, ẹ̀mí rẹ̀ máa ń gùn. Wọ́n ń jẹ wá lóúnjẹ. Oyèníran wá bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pẹ òyìnbó, ó jókòó ṣánṣán bí ọmọ ilé kéwú. Bàbá rẹ gba ọ̀pẹ òyìnbó, wọ́n bá a jẹ ẹ́, wọ́n sì ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mujeedat kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ kan, bíi pé èmi ni mo sin egungun rẹ̀. Bàbá rẹ ń lo oògùn wọn, wọ́n ń jẹun, ohun tí dókítà ní kí n wá ni n kò tíì mọ̀ bóyá mo rí i tàbí n kò rí i.

Mo rò pé mo rí i. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ báyìí, òun sì ni ìdí tí mo fi jókòó ti tábìlì yìí. Ìbínú egungun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára mi. Èyí tó kù lára mi ni ti ìdáhùn Oyèníran. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n ra aṣọ, wọ́n yá àga, wọ́n se ìrẹsì, kò sì sí ẹni tó ní, "Ẹ jẹ́ ká pe ọmọ rẹ̀." Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ. O ti pẹ́ lọ́hùn-ún débi pé nígbà tí wọ́n ń ka àwọn tó yẹ kó dúró ti bàbá rẹ, wọn kò kà ọ́ mọ́. Bí a bá sì ti kọ́kọ́ pè ọ́ náà ńkọ́? Ẹ̀sìn wa kò ní í dá òkú dúró de ọkọ̀ òfuurufú. Fóònù ni ìwọ ì bá fi rí iyẹ̀pẹ̀ náà, bí o ṣe fi fóònù rí fèrèsé. Bàbá rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ gbogbo báyìí, tí mo bá gbé oògùn fún wọn, wọ́n máa ń bi mí pé, "Báwo ni ó ṣe jìnnà tó, ibi tí ọmọ yẹn wà?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n gbé oògùn mì. Ó yé mi pé ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń gbé e mì nìyẹn.

Má fi páálí ránṣẹ́ mọ́. Oògùn wà ní Àpápá, súwẹ́tà kò wúlò. O máa ń ní "tó bá di ọdún tó ń bọ̀," mo sì ti ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ, títí ojú fi ń tì mí láti sọ ọ́. Wá kí bàbá rẹ. Bí ìwé Mujeedat bá ti jáde, ìwọ ni kí o wá mú un. Bí kò bá tíì jáde, máa bọ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bàbá rẹ ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n, ẹ̀rín àgbàlagbà kì í ṣe ohun tí à ń fi pa mọ́ de ọdún tó ń bọ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kó ẹrù ìbànújẹ́. Kò ní jẹ́ kí àjèjì ṣe ohun tó tọ́ sí ọ. Ọ̀nà tó gbé ọ lọ yóò gbé ọ padà, yóò gbé ọ bọ̀ nígbà tí àwọn tó ń retí rẹ ṣì lè dìde pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Bá mi kí Fọláyọ̀, sọ fún un pé súwẹ́tà náà dára.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń bínú, tó sì ń gbàdúrà fún ọ,
Rekiat Fágbénró.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí sí bàbá rẹ létí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní mo ti pariwo jù, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí n yọ ọ̀kankan kúrò. Wọ́n ní nǹkan kan ṣẹ́ kù, kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: "Sọ fún Ọládayọ̀ pé kòtò tí wọ́n gbẹ́ kúrú. Ẹsẹ̀ mi ì bá má gbà níbẹ̀. Wọ́n kàn fojú wọ̀n mí ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ bí mo ṣe ga tó, bí ọmọ tí mo máa ń gbé gun èjìká ṣe mọ̀ ọ́n. Kó wá tún mi wò dáadáa."